Wi-Fi ilé ìtura ní Lomé: Ẹ sọ iye fóònù tó lè wọlé ká tó sanwó

Bí ọdún bá ti ń sún mọ́lé, àwọn èèyàn wa máa ń pọ̀ lójú ọ̀nà Ṣẹ̀mẹ̀ sí Kútọnu, títí dé Hilla-Condji àti Lomé. Àwọn kan ń lọ ra aṣọ ní ọjà Asigamé, àwọn kan ń lọ kí ẹbí, àwọn mìíràn sì kó ọmọ dání láti lọ sinmi létí òkun. Ilé ìtura tí wọ́n máa ń dé sí kì í ṣàì kọ ọ́ sára ògiri pé Wi-Fi wà níbẹ̀. Ohun tí àwọn kan nínú wọn kì í kọ ni pé fóònù kan ṣoṣo ni Wi-Fi náà máa gbà.

Ẹ̀yìn téèyàn bá ti sanwó yàrá tán ló máa ń mọ̀. Wọ́n á fún un ní ìwé pélébé kan tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀. Ó fi nọ́ńbà náà sí fóònù àkọ́kọ́, ó wọlé. Ó fi sí ìkejì, ẹ̀rọ kọ̀ ọ́. Ẹlòmíì lè ní ọ̀rọ̀ kékeré nìyẹn, ṣùgbọ́n lójú tiwa, ọ̀rọ̀ oúnjẹ òòjọ́ ni. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò kì í rìn pẹ̀lú fóònù kan mọ́. Ọ̀kan ni wọ́n fi ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp, ìkejì ni wọ́n fi ń san owó báńkì, ọmọ wọn sì tún gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká dání. Ìyá tó ti Asigamé dé, tó fẹ́ fi àwòrán aṣọ ránṣẹ́ sí oníbàárà n'Íbàdàn, bí àwòrán náà ò bá lọ títí ilẹ̀ fi ṣú, ẹlòmíì lè ti tajà fún oníbàárà yẹn.

Ó yẹ ká mọ bí ẹ̀rọ ṣe ń dá wa mọ̀. Gbogbo ohun tó ń lo Wi-Fi, ì báà jẹ́ fóònù, kọ̀ǹpútà tàbí tẹlifíṣàn, ló ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó ń fi han ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì. MAC ni wọ́n ń pe nọ́ńbà yìí. Bí ẹ bá ti fi ìwé pélébé yẹn wọlé, ẹ̀rọ á so ó mọ́ MAC fóònù yín, kò sì ní dá ìkejì mọ̀. Láti ìgbà tí Android 10 ti jáde ní 2019, tí iOS 14 sì tẹ̀ lé e ní 2020, fóònù tún lè fi nọ́ńbà mìíràn bo ojúlówó mọ́lẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà máa tọpasẹ̀ olówó rẹ̀. Ohun tó dáa ni, àmọ́ bí nọ́ńbà náà bá yí padà, ẹ̀rọ ilé ìtura lè rò pé àlejò mìíràn ló dé, kó sì ti ẹni tó ti sanwó síta.

A ò sọ pé àwọn onílé ìtura ò ní ìdí tiwọn. Íntánẹ́ẹ̀tì ní ìwọ̀n, bí omi inú páìpù. Bí ọ̀pọ̀ èèyàn bá ń wo fíìmù lẹ́ẹ̀kan náà, ti ẹni tó kù á máa falẹ̀. Ṣùgbọ́n Lomé kì í ṣe ìlú tí íntánẹ́ẹ̀tì ò dé. Oṣù kẹta ọdún 2022 ni okùn abẹ́ òkun Equiano, tí Google fà láti Pọtogí, gúnlẹ̀ sí Lomé. Ibẹ̀ ló kọ́kọ́ dé nílẹ̀ Áfíríkà, kó tó dé Èkó ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Bí ìlò tó pọ̀ bá ń ba onílé lẹ́rù, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń pín Wi-Fi ló lè fi ìwọ̀n sí eré íntánẹ́ẹ̀tì, kí gbogbo àlejò lè rí tiwọn lò. Ìyẹn tọ́ ju kíka fóònù lọ.

Ní ti ẹ̀yin arìnrìn-àjò, abèèrè kì í ṣìnà. Kẹ́ ẹ tó sanwó yàrá, ẹ béèrè iye fóònù tó lè wọlé. Bí ẹni tó wà nídìí káńtà ò bá gbọ́ Yorùbá, ẹ sọ ọ́ ní Faransé báyìí: "Combien d'appareils par chambre ?" Ẹ̀rọ mélòó fún yàrá kan, ìtumọ̀ rẹ̀ nìyẹn.

Bí wọ́n bá ní ọ̀kan ni, ẹ béèrè bóyá wọ́n gbà kẹ́ ẹ pín in fún ará ilé yín. Bí wọ́n bá gbà, kọ̀ǹpútà Windows 10 tàbí 11 lè gba Wi-Fi kó sì tún un pín fún fóònù nípasẹ̀ hotspot. Àwọn fóònù Android kan ń ṣe é, àwọn kan ò lè ṣe é, ẹ dán tiyín wò nílé. Ti iPhone, dátà orí SIM nìkan ló ń pín. Ẹ fi páásíwọ́ọ̀dù sí i o, torí ohun tí àjèjì bá fi hotspot yín ṣe, orúkọ yín ni yóò wà níbẹ̀.

Ẹni tó ní nọ́ńbà WhatsApp méjì lè kó méjèèjì sórí fóònù Android kan, láti ìparí ọdún 2023 ni WhatsApp ti gbà á láàyè. Kẹ́ ẹ tó kúrò nílé ni kẹ́ ẹ ṣe é.

Ẹni tí ọjà rẹ̀ kò gbọdọ̀ dúró, kó ra SIM Yas, tí wọ́n ń pè ní Togocom tẹ́lẹ̀, tàbí ti Moov. Kó mú ìwé ìdánimọ̀ dání, torí wọ́n máa fi forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Dátà tara ẹni yìí ló dáa jù fún owó báńkì, dípò Wi-Fi tí gbogbo àlejò jọ ń lò. Ẹ má sì yọ SIM Nàìjíríà kúrò tí báńkì bá ń fi nọ́ńbà àṣírí ránṣẹ́ síbẹ̀. Àwọn tó bá dé sí Kodjoviakopé, tó fara kan ẹnubodè Gánà, kí wọ́n máa wo orúkọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì lójú fóònù wọn. Ó lè ti bọ́ sórí ti Gánà, kí owó sì máa jó.

Ohun tá a ń bẹ àwọn onílé ìtura Lomé kò pọ̀. Ẹ kọ iye fóònù sí ẹ̀gbẹ́ iye owó yàrá, níbi tí àlejò á ti rí i kó tó mówó sílẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá tó wà ní Lomé náà lè bá wọn sọ ọ́, torí àwọn ni wọ́n ń bá àwọn onílé wọ̀nyí gbé. Àlejò tó bá mọ ohun tó ń rà kò ní bá ẹnikẹ́ni jà, yóò sì tún padà wá lọ́dún tó ń bọ̀.