Ẹ Sọ Àbùkù Jíìpù Yín Kí Ẹ Tó Tà Á

Òwe kan wà tí àwọn tó ń ta ọkọ̀ àlòkù fẹ́ràn ju gbogbo òwe lọ: òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Àwọn àgbà tó pa á, ìbáwí ni wọ́n fi ṣe. Àwọn tiwa ti sọ ọ́ di ìwé àṣẹ. Àwa ò gbà. Pàápàá jù lọ, a ò gbà á lórí jíìpù àtijọ́, Land Rover àti Land Cruiser tó ti lo ọgbọ̀n, ogójì ọdún lójú ọ̀nà oko, tí àwọn ọmọ olóko ń wá ẹni tí wọ́n máa tà á fún báyìí.

Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí à ń sọ. Ọdún 1948 ni Land Rover kọ́kọ́ jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà kan rí, wọ́n ń tò ó pọ̀ n'Íbàdàn níbí. Ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é, irin wọ́n, ni wọ́n bá fi alumíníọ̀mù ṣe ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n férémù tó gbé ara náà dúró, irin ni. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀tàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Alumíníọ̀mù kì í dípẹtà bí irin, torí náà jíìpù ogójì ọdún lè máa dán gbinrin téèyàn bá kùn ún lọ́dà, kí ìpẹtà sì ti jẹ férémù abẹ́ rẹ̀ títí ó fi rọ̀ bíi bísíkítì tó bọ́ sínú tíì. Ẹni tó ń tà á mọ̀. Mẹkáníìkì rẹ̀ mọ̀. Wẹ́dà tó fi páànù bo ihò náà, tó fi ọ̀dà dúdú pa á rẹ́, mọ̀ ju gbogbo wọn lọ. Ẹnì kan ṣoṣo tí ò mọ̀ ni ẹni tó gbé owó dání.

Ẹ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn. "Ẹ kàn máa wà á lọ ni." "Wọn ò tíì tú ẹ́ńjìnnì ẹ̀ rí." "Bàbá àgbà kan ló ni ín, ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ló ń gbé e lọ." Ṣọ́ọ̀ṣì wo ló wà nínú ẹrọ̀fọ̀ tí jíìpù fi nílò ẹsẹ̀ mẹ́rin? "Máìlì ẹ̀ ṣì kéré." Máìlì wo? Nọ́ńbà márùn-ún péré ló wà lójú aago ọ̀pọ̀ jíìpù àtijọ́. Tó bá ti dé 99,999, ó tún di òdo. Ẹni tó ń fi irú aago bẹ́ẹ̀ búra, kò yàtọ̀ sí ẹni tó ń fi eyín àtọwọ́dá ka ọjọ́ orí.

Ti ẹsẹ̀ mẹ́rin yẹn gan-an ńkọ́? Nínú ọ̀pọ̀ jíìpù àtijọ́, táyà ẹ̀yìn nìkan ni ẹ́ńjìnnì ń yí lójú títì, àfi téèyàn bá fa jíà kejì kí tiwájú tó bá wọn ṣiṣẹ́. Orí ilẹ̀ tó ń yọ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Téèyàn bá fà á sí ojú ọ̀dà gbígbẹ, tó wá ń yí kọ́nà, jíà ló máa jìyà ẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó gbé oníbàárà yípo àdúgbò ọlọ́dà lẹ́ẹ̀mejì, tó ní "ẹ ṣá ti rí i, ó pé", kò tíì fi nǹkan kan hàn án. Ìgbà òjò ni oníbàárà máa tó mọ̀, nínú pọ̀tọ̀pọ́tọ̀, pẹ̀lú àpò kòkó lẹ́yìn àti èèyàn méje lórí àpò.

Ohun tó ń dùn wá nìyẹn. Kì í ṣe ọlọ́lá Lẹ́kí ló ń ra jíìpù yìí jù. Àgbẹ̀ ni, àwọn tó ń gun òkè Ìdànrè, àwọn tó ń kó iṣu jáde l'Ókè-Ògùn. Férémù tó bá dá sí méjì lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kì í béèrè bóyá ẹ ti jọ tọwọ́ bọ̀wé.

Wọ́n á ní ẹni tó ń rajà ló yẹ kó la ojú ẹ̀. Ojú wo ló ń ríran wọ inú irin? Ẹni tó ti wà á fún ogún ọdún ló mọ ibi tó ń dùn ún. Wọ́n á tún ní ìlú le. A mọ̀. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ẹni tó ní jíìpù tó ń mu epo bí ẹní mu omi ò sùn dáadáa. Àmọ́ ìyà tó ń jẹ ẹni tó ń tà, òun náà ló ń jẹ ẹni tó ń rà.

Ìyẹn nìkan kọ́, irọ́ náà ò tiẹ̀ mówó wọlé tó bí wọ́n ṣe rò. Àwọn tó mọyì ọkọ̀ àtijọ́ ń bẹ̀rù ọ̀dà tuntun ju ihò lọ. Ihò tí wọ́n rí, wọ́n lè ṣírò owó ẹ̀. Ní Ìlú Ọba, wọ́n ṣì ń ṣe férémù tuntun fún Land Rover àtijọ́. Ohun tí wọ́n ń wá ni nọ́ńbà férémù tó bá ìwé mu, àti ìtàn tó dúró. Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún lójú títì. Jíìpù tó bá ti wà ṣáájú ìgbà yẹn, ọwọ́ ọ̀tún ni ìdarí ẹ̀ sábà máa ń wà. Tí wọ́n bá ti gbé e sọ́wọ́ òsì, ẹ sọ ọ́, kí ẹ sì sọ bí wọ́n ṣe gbé e.

Nítorí náà, ẹ mú bébà. Ẹ kọ ibi tí ọ́ìlì ti ń jò. Ẹ kọ jíà tó máa ń já. Ẹ kọ gbogbo ibi tí wẹ́dà ti fọwọ́ kàn. Ẹ fún oníbàárà ní òòlù kékeré kó wọ abẹ́ ọkọ̀, kó máa kan férémù náà wò fúnra ẹ̀. Irin tó dáa á dún, èyí tó ti jẹrà á dáhùn bíi pákó. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá dá iye owó. Tó bá ní kí ẹ dín in, ẹ dín in. Owó tí ẹ bá gbà lọ́jọ́ yẹn, ẹ ò ní máa sá fún ẹni tó san án tí ẹ bá pàdé ẹ̀ lọ́jà.