Ẹ Jẹ́ Ká Kọ́kọ́ Ṣa Ike

Mo máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà pé bí wọ́n bá ti gbé ẹ̀rọ tó ń sọ ike di epo wá sí àdúgbò iléeṣẹ́ Ìkẹjà àti Agége, gọ́tà wa yóò mọ́. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ ẹ̀rọ náà kì í ṣe irọ́. Wọ́n á da ike sínú àgbá irin tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, wọ́n á ki iná sí i nísàlẹ̀ títí ooru rẹ̀ yóò fi tó ìwọ̀n 400 sí 600 Sẹ́ńsíọ́ọ̀sì. Ike á yọ́, á rú bí èéfín. Bí èéfín yẹn bá tutù, ó di epo. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yìí a máa ṣa oúnjẹ jẹ. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tó mọ́ bá a lára mu. Bí páìpù PVC bá bọ́ sí i, ásíìdì tó ń jẹ irin ló ń jáde. Ìgò ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò kì í fún un ní epo gidi. Ta ni yóò yà wọ́n sọ́tọ̀?

Ẹ wo Shell. Ní 2019, ó ṣèlérí pé tó bá di 2025, òun yóò máa lo mílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù ìdọ̀tí ike lọ́dọọdún. Ní 2024, ó sọ pé kò ní ṣeé ṣe mọ́. Lára ìdí tó sọ ni pé ike tó ṣeé lò kò pọ̀ tó. Ike kún inú ayé, síbẹ̀ èyí tí a ṣà tí ó sì mọ́ kò tó!

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Àwọn tó ń ṣa ike ní ààtàn Olúsósùn àti ní òpópónà wa ń fi ọwọ́ lásán ṣe iṣẹ́ tí ẹ̀rọ kò lè ṣe. Láti 2012 ni Wecyclers ti ń fi kẹ̀kẹ́ gba ike lọ́wọ́ àwọn ará ilé ní Èkó, tí wọ́n sì ń fi ẹ̀bùn san án fún wọn. Irú iṣẹ́ yìí ló yẹ kí owó kọ́kọ́ bá.

Ọwọ́ ta sì ni owó náà yóò ti wá? Wọ́n ní ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Ní tiwa, iléeṣẹ́ ló ń fi ọ̀rá di omi tà, ẹnu ọ̀nà òtòṣì ni àgbàrá ń gbé ọ̀rá náà dé. Kí iléeṣẹ́ san owó ìkójọ ọ̀rá rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́ wa, ẹ jẹ́ kí agbọ̀n ọ̀rá, agbọ̀n ìgò ike àti agbọ̀n ìdọ̀tí mìíràn wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ní ilé àti ní ilé-ẹ̀kọ́. Bí a bá ti ṣe ìyẹn, kí wọ́n gbé ẹ̀rọ wá. Èmi náà yóò pàtẹ́wọ́.