Fọ̀ Ọ́, Tò Ó, Má Ṣe Jó O Pọ̀

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló jogún ọkọ̀ àtijọ́ tàbí tó ń wá èyí tí yóò rà. Ẹ̀yà kan wà lábẹ́ ìdí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tí àwọn wẹ́dà kan máa ń yára sọ nípa rẹ̀ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí a jó o pọ̀, wàhálà tán." Wàhálà kò tán níbẹ̀ o, ibẹ̀ gan-an ló ti bẹ̀rẹ̀.

Difáréńṣíà ni ẹ̀yà náà. Bí ọkọ̀ bá ń yà ní kọ́nà, ọ̀nà tí táyà ẹ̀yìn tó wà níta ń rìn gùn ju ti inú lọ. Difáréńṣíà ló ń jẹ́ kí ọ̀kan yára ju èkejì. Àléébù rẹ̀ ni pé bí táyà kan bá bọ́ sínú ẹrẹ̀, òun nìkan ni yóò máa yí lásán, èkejì yóò sì dúró. Láàárín ọdún 1930 sí 1939, Ferdinand Porsche gbé irú ìṣòro yìí lọ bá ilé iṣẹ́ ZF ní Jámánì nítorí ọkọ̀ ìje Auto Union, wọ́n sì ṣe irú tó ń dín ìyílásán kù.

BMW E30 tí mo ń tọ́jú ní ọ̀kan. Inú rẹ̀ ni awo irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wà ní ìtòléra: etí àwọn kan há mọ́ ilé rẹ̀, eyín àwọn kan há mọ́ jíà tó ń yí ọ̀pá táyà. Bí agbára ẹ́ńjìnnì bá dé, òrùka irin méjì a máa tẹ àwọn awo náà mọ́ra, apá kan agbára yóò sì kọjá sí táyà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀. Ìdá 25 nínú 100 ni BMW fi ìdìmọ́ra yìí sí.

Bí a bá jó jíà inú rẹ̀ pọ̀, táyà méjèèjì yóò máa yí dọ́gba nígbà gbogbo. Ní kọ́nà, ọ̀kan gbọ́dọ̀ yọ̀. Lórí títì olómi, tí ọmọ wà ní ìjókòó ẹ̀yìn, ìyẹn kì í ṣe eré. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bà jẹ́.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Mo máa ń gbé ọkọ̀ sórí ẹsẹ̀ irin tó dúró ṣinṣin, n kì í fi jáàkì nìkan ṣe é. Bí mo bá ti tú u, mo máa ń sàmì sí ìdérí ọ̀tún àti ti òsì, mo sì máa ń to awo sórí aṣọ mímọ́ bí wọ́n ṣe jáde, mo tún ń fi fóònù ya àwòrán wọn. Àwọn awo tó ti jọ ń fara kanra fún ọdún pípẹ́ ti mọ ara wọn. Bí a bá dà wọ́n pọ̀, wọn kò ní í bá ara wọn mu mọ́.

Kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni mo fi ń fọ̀ wọ́n. N kì í fi sáńdípépà kàn wọ́n. Awo tó bá ti dúdú bí aró ti gbóná jù. Èyí tó bá ti wọ́, tí etí rẹ̀ sì ti jẹ, kò gbọdọ̀ padà wọlé. Kí n tó tò wọ́n, mo máa ń rẹ wọ́n sínú epo jíà tí wọ́n kọ "Limited Slip" sí lára agolo. Mo máa ń di bóòtù dé ìwọ̀n tí ìwé ọkọ̀ náà sọ. Wíwọn bí jíà ṣe bá ara wọn mu, ẹni tó ní irinṣẹ́ rẹ̀ ni mo ń gbé e fún.

Nígbà ìdánwò, ẹ má ṣe tan ẹ́ńjìnnì kí ẹ sì fi ọkọ̀ sí jíà nígbà tí táyà ẹ̀yìn kan ṣoṣo wà lókè. Èyí tó fẹsẹ̀ kanlẹ̀ lè ti ọkọ̀ kúrò lórí jáàkì.

Awo tó ti jẹ ṣeé pààrọ̀. Jíà tí a ti jó pọ̀ kò ṣeé dá padà. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.