Ẹní Kíká àti Ẹní Títẹ́: Ìperí fún Àwọn Ọ̀nà-Ìwọ̀n Tí Ojú Kò Rí

Àwọn kan gbà pé iṣẹ́ ìṣẹ̀dá ìperí Yorùbá ní ààlà. Wọ́n ní ó lè kárí ewéko, ẹ̀yà ara, iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ìṣirò ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti kan ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ físíìsì, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó tó o sọ. Èrò yìí kò tọ̀nà. Ibi tí ojú sánmà parí sí àti ohun tí ó wà lẹ́yìn ìràwọ̀ wà lára ohun tí ọmọdé máa ń kọ́kọ́ béèrè, èdè abínibí rẹ̀ ni ó sì fi ń béèrè. Bí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ kò bá fi èdè náà dá a lóhùn, ẹlòmíràn yóò dá a lóhùn, ìdáhùn náà kò sì ní dúró lórí ìwádìí.

Ní ti àwọn ohun tí ojú rí, àwọn baba ńlá Yorùbá kò jáfara. Wọ́n sọ díẹ̀ lára àwọn ìràwọ̀ lórúkọ. Àgùàlà ni ajá òṣù, nítorí pé ẹ̀bá òṣùpá ni a ti sábà máa ń rí i; ìràwọ̀ ọkọ̀ sì ni èyí tí àwọn atukọ̀ fi ń mọ ọ̀nà lójú omi. Nígbà tí òṣùpá bo èyí tí ó pọ̀ jù lọ lára oòrùn lójú ní Ṣàgámù àti ní gbogbo ilẹ̀ Rẹ́mọ ní ọjọ́ 29, oṣù Kẹta, ọdún 2006, tí ó sì bò ó tán pátápátá ní Lomé, èdè kò wọ́n ẹnikẹ́ni láti fi ròyìn ohun tí ó rí. Ohun tí ojú kò rí ni ìṣòro wà níbẹ̀.

Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kan wà tí ó yí ìmọ̀ físíìsì padà, kò sì jìnnà sí ilẹ̀ yìí. Ní ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 1919, Arthur Eddington àti Edwin Cottingham wà ní erékùṣù Príncipe, nínú òkun tí ó wà ní gúúsù Nàìjíríà. Wọ́n ya àwòrán àwọn ìràwọ̀ tí ó wà nítòsí oòrùn nígbà tí òṣùpá bò ó lójú. Àwọn akẹgbẹ́ wọn ṣe bákan náà ní Sobral ní ilẹ̀ Bràsíìlì. Èsì tí a kéde ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 6, oṣù Kọkànlá, ọdún náà bá ìṣirò Albert Einstein mu: ìtànṣán ìràwọ̀ máa ń tẹ̀ bí ó bá ń kọjá lẹ́bàá oòrùn, títẹ̀ náà sì jẹ́ ìlọ́po méjì iye tí a lè fi òfin Newton ṣírò. Ìtumọ̀ èyí ni pé àyè tí ohun gbogbo wà nínú rẹ̀ kì í ṣe àpótí òfìfo. Ó ṣe é tẹ̀, ó sì ṣe é ká.

Kí ni a wá ń kà nígbà tí a bá ń ka ọ̀nà tí àyè gbà wà? Ẹ jẹ́ kí a mú ẹni tí ó fẹ́ pàdé ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Ọ̀fin, ní Ṣàgámù. Ó gbọ́dọ̀ mọ bí òun yóò ti rìn jìnnà tó lójú títì, bí òun yóò ti yà kúrò lójú títì tó, àjà tí òun yóò gùn dé, àti agogo tí ìpàdé bọ́ sí. Iye mẹ́rin ni, kò sì sí èyí tí ó lè dípò èkejì. Bí ó bá gbàgbé ọ̀kan ṣoṣo, ìpàdé bàjẹ́. Mẹ́ta àkọ́kọ́ jẹ́ ti àyè, ìkẹrin jẹ́ ti ìgbà. Hermann Minkowski ni ó so mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ ní ọdún 1908, lẹ́yìn iṣẹ́ tí Einstein ṣe ní ọdún 1905.

Ní ọdún 1919 kan náà, Theodor Kaluza, onímọ̀ ìṣirò ará Jámánì, kọ̀wé sí Einstein pé bí a bá fi ìkarùn-ún kún mẹ́rin yìí, òfin agbára ìfàmọ́ra àti òfin iná mànàmáná òun òòfà yóò jáde láti inú ìṣirò kan ṣoṣo. A tẹ iṣẹ́ náà jáde ní ọdún 1921. Ìbéèrè tí ó kù ni pé, níbo ni ìkarùn-ún wà tí ẹnikẹ́ni kò fi rí i? Oskar Klein ará Sweden dáhùn ní ọdún 1926 pé ó ká jọ, ó sì kéré ju átọ̀mù lọ fíìfíì.

Ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá kò nílò àlàyé gígùn lórí èyí. Ẹní tí a ká, tí a fi ti ògiri, dà bí ọ̀pá lójú ẹni tí ó wà lókèèrè; gígùn rẹ̀ nìkan ni ó hàn. Ṣùgbọ́n èèrà tí ó ń rìn lára ẹní náà mọ̀ pé ọ̀nà mìíràn tún wà, nítorí pé ó lè yí i po. Ìbú ẹní kò sọnù, a ká a ni. Nítorí náà, èdè ti pèsè ọ̀rọ̀ méjì tí ó bá ara wọn mu sílẹ̀: *títẹ́* fún èyí tí ó tẹ́ lọ rẹrẹ lójú wa, *kíká* fún èyí tí ó ká jọ. Àfiwé yìí ní ibi tí ó dé dúró o: inú yàrá ni a ti ká ẹní, ṣùgbọ́n èyí tí Klein sọ kò ká jọ sínú ohunkóhun. Ó yẹ kí olùkọ́ sọ èyí fún akẹ́kọ̀ọ́.

Ó wá ku orúkọ tí ohun náà gan-an yóò máa jẹ́. Ilé ni à ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ó ń du ipò yìí. Èkínní ni *ìwọ̀n*, ṣùgbọ́n ó gbòòrò jù: ìwọ̀n ni ti ooru, ìwọ̀n ni ti agbọ̀n obì tí a ń tà ní Ṣàgámù. Èkejì ni *ìhà*, ṣùgbọ́n iwájú àti ẹ̀yìn jẹ́ ìhà méjì, bẹ́ẹ̀ ọ̀kan ṣoṣo ni onímọ̀ físíìsì kà wọ́n sí. Ẹ̀kẹta, *ayé mìíràn*, ni ó léwu jù. Òun ni ó wọ́pọ̀ nínú eré àti ìwàásù, bí ẹni pé ibùgbé ẹ̀mí ni àwọn onímọ̀ ń wá kiri. Kò sí ìjà láàárín ìgbàgbọ́ àti ìperí, ṣùgbọ́n ìperí tí ó bá ti pinnu pé ibùgbé ni ohun kan, nígbà tí ìṣirò sọ pé iye tí a ń wọ̀n ni, ti ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. *Ọ̀run* ti ń ru ẹrù méjì, ti sánmà àti ti ibùgbé àwọn òkú. Kò yẹ kí a tún dá irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lé ọ̀rọ̀ tuntun lórí.

*Ọ̀nà-ìwọ̀n* ni ó dára jù. Ọ̀dọ̀ káfíńtà ni ó ti wá: àpótí ní ọ̀nà mẹ́ta tí a fi ń wọ̀n ọ́n, gígùn, ìbú àti jíjìn. Láti ara rẹ̀ ni *ọ̀nà-ìwọ̀n àlékún* yóò ti jáde fún èyí tí ó lé ní mẹ́rin, àti *ọ̀nà-ìwọ̀n kíká* fún irú ti Klein. Ìperí yìí kò sọ pé ohun náà wà, kò sì sọ pé kò sí. Èyí ṣe pàtàkì, nítorí pé a kò tíì rí ẹ̀rí kankan. Edward Witten dábàá mọ́kànlá ní ọdún 1995. Ní ọdún 1998, àwọn mìíràn sọ pé bóyá inú ọ̀nà-ìwọ̀n àlékún ni agbára ìfàmọ́ra ń jò lọ, tí ó fi rọ tó bẹ́ẹ̀ tí òòfà kékeré kan fi lè gbé ìṣó sókè lójú gbogbo ilẹ̀ ayé tí ó ń fà á sísàlẹ̀. Wọ́n ti wọn agbára náà láàárín ohun tí àlàfo wọn kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà. Òfin Newton ṣì dúró. Ẹ̀rọ ńlá CERN, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2008, kò tíì rí nǹkan kan.

Wọ́n lè béèrè pé kí ni Yorùbá fẹ́ fi ìperí ohun tí kò dáni lójú ṣe. Ìdáhùn ni pé ibi tí kò dáni lójú gan-an ni ìmọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ètò ọlọ́dún mẹ́fà ti Ifẹ̀, tí Babs Fafunwa darí láti ọdún 1970, fi hàn pé ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ ní sáyẹ́ǹsì kì í rẹ̀yìn. Àkójọ *Èdè Ìperí Yorùbá* ti ọdún 1984 ṣe iṣẹ́ ribiribi, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ ni ó dojú kọ. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí á fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ó fagi lé e. Ẹnu òfin lè yí padà láàárín ọdún mẹ́ta. Ìperí tí ó bá ti dé ẹnu olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ kò ní dúró de òfin. Nítorí náà, ó yẹ kí àwọn tí iṣẹ́ ìperí wà lọ́wọ́ wọn fi *ọ̀nà-ìwọ̀n* sínú àkójọ tí ó ń bọ̀, kí wọ́n sì kọ́kọ́ gbé e lọ sí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ṣàgámù tàbí ní Ìkẹ́nnẹ́. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá lè fi í béèrè ìbéèrè tí olùkọ́ rẹ̀ kò rò tẹ́lẹ̀, ó ti di ọ̀rọ̀ Yorùbá. Bí kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, kí wọ́n wá òmíràn.