Ọ̀nà Òkè Èfọ̀n: Ẹ Sọ fún Dírẹ́fà Kó Rọra

Bí Iléyá bá ti ń súnmọ́, ọ̀pọ̀ ilé ládùúgbò wa a máa di ẹrù, kí wọ́n lè lọ ṣọdún lọ́dọ̀ àwọn òbí ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà náà ni mo fẹ́ kí á jọ sọ lọ́sẹ̀ yìí.

Bí ọkọ̀ bá kọjá Iléṣà, tó yà ní Ìwàràjà, tó kọjú sí Èfọ̀n Aláayè, òkè dé nìyẹn. Títì a máa gòkè, a máa sọ̀ kalẹ̀, a sì máa wọ́ kọ́rọkọ̀rọ bí ejò. Ẹni tó bá sáré wọ kọ́nà kò mọ̀ bóyá ọkọ̀ ẹrù tó bàjẹ́ sójú ọ̀nà ni òun yóò bá pàdé.

Àwọn òkè agbègbè yìí ti rí ogun. Láàárín Ìmẹ̀sí-Ilé àti Ìgbájọ, kò jìnnà sí Òkè-Ìmẹ̀sí, ni wọ́n ti ja ogun Kírìjì. Ní 1877 ni ogun náà bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní 1886, ṣùgbọ́n 1893 ni àwọn ọmọ ogun tó tú ká. Àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ló ń ni ará ìlú lára. Fábùnmi ará Òkè-Ìmẹ̀sí dìde sí wọn, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà sì parapọ̀, Ògèdèngbé ará Iléṣà ṣe olórí ogun wọn. Látòósà, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, tí í ṣe Mùsùlùmí, ló kó ogun Ìbàdàn lọ. Kò padà délé mọ́. Ibùdó ogun ló kú sí ní 1885. Dídún ìbọn ńlá láàárín àwọn òkè ni wọ́n fi sọ ogun náà ní Kírìjì. Àní àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó wà ní Èkó nígbà náà fi ìbọn ránṣẹ́ sílé.

Ẹ wò ó, ẹni tó lọ sógun mọ̀ pé ikú wà níwájú. Ṣùgbọ́n ìyá tó gbé ọmọ lé ẹsẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ọdún ló ń lọ ṣe. Ṣé ó wá yẹ kí eré àsápajúdé pa á lórí òkè tí ogun ti kúrò?

Obìnrin púpọ̀ a máa wí pé, “Dírẹ́fà ló ń wa ọkọ̀, kí ni tèmi?” Rárá o! Àmánà ni ọmọ jẹ́ lọ́wọ́ yín. Bí dírẹ́fà bá jẹ́ ọmọdé sí yín, ẹ ní, “Ọmọ mi, rọra, a kò kánjú.” Bí ó bá jù yín lọ, ẹ ní, “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa rọra.” Bí ẹnì kan bá bẹ̀rẹ̀, àwọn ìyókù yóò gbè é.

Ẹ mọ èyí pẹ̀lú: bí ọkọ̀ bá ń sọ̀ kalẹ̀, jíà kékeré ni kí dírẹ́fà fi í sí, kí ẹ́ńjìnnì lè bá a dá ọkọ̀ dúró. Bí ó bá ń tẹ bíréèkì láìdábọ̀, bíréèkì yóò gbóná, kò sì ní mú mọ́. Kí ẹ tó wọkọ̀, ẹ wo táyà. Ẹ má gba kí wọ́n di ẹrù àti èrò ju bó ti yẹ. Àárọ̀ kùtùkùtù ni kí ẹ gbéra, kí ilẹ̀ má baà ṣú yín sórí òkè.

Ẹ ṣe àdúà ìrìn-àjò, kí ẹ sì là ojú yín. Àdúà kò ní kí á má ṣọ́ra. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ejò ń gun àgbọn. Ẹran Iléyá kò ní sá lọ bí ẹ bá pẹ́ díẹ̀ kí ẹ tó dé.

Kí Ọlọ́run mú wa lọ ire, kí ó mú wa bọ̀ ire. Àmín.