Róbọ́ọ̀tì Ẹlẹ́ran-ara: Ta Ni Ó Yẹ Kí Wọ́n Rán Wọ Ilé Àtọ́ọ̀mù Tí Ó Ti Bàjẹ́?

Yorùbá gbà pé ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ìdí nìyí tí orúkọ tí wọ́n fún àwọn ọmọ ogun kan ní Chernobyl ní ọdún 1986 fi yẹ kí ó kọ ẹnikẹ́ni tí ọ̀rọ̀ èdè bá jẹ lógún lóminú. Róbọ́ọ̀tì ẹlẹ́ran-ara ni wọ́n pè wọ́n.

Ní òru ọjọ́ 26, oṣù Kẹrin, ọdún náà, ìléru kẹrin ní ilé-iṣẹ́ iná àtọ́ọ̀mù Chernobyl bú gbàmù. Ilẹ̀ Ukraine ni ilé-iṣẹ́ náà wà, abẹ́ ìjọba Sófíẹ̀tì ni Ukraine sì wà nígbà náà. Ìbúgbàmù yìí fọ́n àfọ́kù gíráfáìtì àti èròjà iná láti inú ìléru sí orí òrùlé àwọn ilé tí ó wà nítòsí. Ìtànṣán olóró ń jáde lára àwọn àfọ́kù náà. Ojú kò rí i, imú kò gbóòórùn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó lè pa ènìyàn. Wọ́n ní láti palẹ̀ wọn mọ́ kí àwọn tí ń kọ́ ilé kọnkéré bo ìléru náà tó lè parí iṣẹ́ wọn.

Róbọ́ọ̀tì ni wọ́n kọ́kọ́ rán. Àwọn Sófíẹ̀tì ṣe tiwọn láti inú ìmọ̀ tí wọ́n ti fi ṣe ọkọ̀ tí ó rìn lórí òṣùpá. Ọ̀kan tí ń jẹ́ Joker wá láti Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì. Òmíràn ṣiṣẹ́ díẹ̀, òmíràn há sáàárín àfọ́kù, ìtànṣán sì ba ohun tí ń ṣiṣẹ́ bí ọpọlọ nínú àwọn mìíràn jẹ́. Nígbà tí ẹ̀rọ kọṣẹ́, ènìyàn ni wọ́n rán. Àwọn ọmọ ogun tí ó lé ní 3,000 ni wọ́n gun òrùlé náà, pẹ̀lú pẹlẹbẹ òjé tí wọ́n so mọ́ àyà àti ẹ̀yìn. Àkókò tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní kò ju ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta lọ. Ti àwọn mìíràn kò tó ìṣẹ́jú kan. Ọmọkùnrin náà yóò sáré jáde, yóò fi ṣọ́bìrì gbé àfọ́kù kan tàbí méjì, yóò dà á sínú ihò tí ìléru náà ti fọ́ sí, yóò sì sáré padà. Iṣẹ́ rẹ̀ parí nìyẹn.

Ẹni tí ó bá mọ orírun ọ̀rọ̀ náà, róbọ́ọ̀tì, yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí jinlẹ̀ ju ẹ̀fẹ̀ ọmọ ogun lọ. Inú eré oníṣe kan tí Karel Čapek kọ ní ọdún 1920, tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ R.U.R., ni ó ti jáde sí ayé. Ní èdè Ṣẹ́ẹ̀kì tí Čapek fi kọ ọ́, ohun tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá ni iṣẹ́ ipá tí tálákà ń ṣe fún onílẹ̀. Ó fẹ́ fara jọ iṣẹ́ ìwọ̀fà nílẹ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n ìwọ̀fà ní gbèsè tí ó ń san, ó sì ní ọjọ́ tí yóò lọ sílé. Èyí tí ó yani lẹ́nu jù ni pé àwọn róbọ́ọ̀tì inú eré Čapek kì í ṣe irin. Ẹlẹ́ran-ara ni wọ́n, tí wọ́n ṣe ní ilé-iṣẹ́ kí wọ́n lè máa ṣe ohun tí ọmọ ènìyàn kò fẹ́ ṣe. Ní orí òrùlé Chernobyl, ọ̀rọ̀ náà padà sí ilé rẹ̀.

Yorùbá ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, kí a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Bí àwọn ọmọ ogun wọ̀nyí ṣe jẹ́ ẹ nìyẹn, ìyìn sì tọ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n òwe yìí kò fìgbà kan dá ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ ẹrú láre.

Ó yẹ kí ẹni tí ń fi róbọ́ọ̀tì Fukushima ṣe yẹ̀yẹ́ rántí èyí. Ní ọjọ́ 11, oṣù Kẹta, ọdún 2011, ìmìtìtì ilẹ̀ àti ìgbì òkun ńlá kọlu ilé-iṣẹ́ Fukushima Daiichi ní Jàpáànì, èròjà inú ìléru mẹ́ta sì yọ́. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń rán ẹ̀rọ wọlé. Ní oṣù Kẹwàá, ọdún 2011, wáyà Quince já, kò sì lè jáde mọ́. Ní oṣù Kejì, ọdún 2017, èyí tí wọ́n ṣe bí àkekèé há sínú ìléru kejì. Ìgbà tí ó di oṣù Kọkànlá, ọdún 2024, ni ẹ̀rọ kan tí ó rí bí ọ̀pá ìpẹja tó mú èérún àkọ́kọ́ jáde nínú èròjà tí ó yọ́ náà. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí gíráàmù 0.7, ìyẹn bí ẹyọ ẹ̀wà mẹ́ta péré, nígbà tí èyí tí ó wà nílẹ̀ tó nǹkan bí tọ́ọ̀nù 880. Ní ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ tí ó ni ibẹ̀ kéde pé kíkó o gan-an ní ìléru kẹta kò lè bẹ̀rẹ̀ ṣáájú ọdún 2037. Ọdún mẹ́tàlá fún ẹ̀wà mẹ́ta! Ẹni tí ó bá rẹ́rìn-ín kò jẹ̀bi pátápátá.

Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tí ó rọrùn nínú iṣẹ́ náà. Ògiri kọnkéré inú ilé àtọ́ọ̀mù nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí ó ń dí ìgbì rédíò lọ́wọ́, nítorí náà ẹ̀rọ kì í sábà lè rìn láìfa wáyà tẹ̀lé ara rẹ̀. Wáyà náà ni yóò sì lọ́ mọ́ páìpù tàbí àtẹ̀gùn. Bí ìtànṣán bá ṣe ń pọ̀ sí i ni àwòrán inú kámẹ́rà ń kún fún èérún funfun, títí kámẹ́rà yóò fi kú. Awakọ̀ tí ó jókòó sí ibi tí kò léwu ń wo inú òkùnkùn nínú àwòrán pẹlẹbẹ. Ọwọ́ rẹ̀ kò mọ̀ bóyá ohun tí ó dì mú le tàbí ó rọ̀. Síbẹ̀, ní oṣù Keje, ọdún 2017, ẹ̀rọ kékeré kan tí ń lúwẹ̀ẹ́ bí ẹja rí ohun tí ó jọ èròjà yíyọ́ nínú omi ìléru kẹta. Èyí tí ó há sì wà níbẹ̀ títí di òní kò fi opó sílẹ̀ sílé.

Ibi tí ìléru kò ti fọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀. Ní Windscale ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìléru kan tí wọ́n pa ní ọdún 1981 ni wọ́n fi ẹ̀rọ tí wọ́n ń darí láti òkèèrè tú ní ìpele-ìpele, tí iṣẹ́ náà sì parí ní ọdún 2011. Kò sí ariwo, bóyá ìdí rẹ̀ nìyẹn tí àwọn ènìyàn kò fi mọ̀ ọ́n.

Kì í ṣe pé ẹ̀rọ ti gba ènìyàn lọ́wọ́ ewu tán. Ní oṣù Kẹjọ, ọdún 2024, ìgbìyànjú àkọ́kọ́ láti bu èérún Fukushima dúró nítorí pé wọ́n to páìpù márùn-ún tí yóò ti ẹ̀rọ náà wọlé ní àtòdì. Òṣìṣẹ́ ni ó tò wọ́n, nínú aṣọ wúwo, ní ibi tí kò yẹ kí ó pẹ́ sí. Ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe ni pé ó fi kún ìjìnnà tí ó wà láàárín ara ènìyàn àti oró, àní bí kò ju mítà mélòó kan lọ. Owó àti ọdún tí wọ́n ná sórí ìjìnnà náà kò ṣòfò.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ṣì wà nílẹ̀. Àwọn kan lè fẹ́ kí wọ́n pe róbọ́ọ̀tì ní ẹ̀rọ aṣebíènìyàn. Kò bá a mu: àwọn tí ń wọ ilé àtọ́ọ̀mù jọ àkekèé, wọ́n jọ ẹja, wọ́n jọ ọ̀pá ìpẹja, orúkọ náà sì tún pa ààlà tí Chernobyl pa rẹ́. Ẹ̀rọ ìránṣẹ́ sàn jù. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ yóò bèèrè ẹni tí ó rán an, kò sì sí bí ọ̀gá kan ṣe lè fi pe ọmọ ogun tí ó di ṣọ́bìrì mú, nítorí pé ẹ̀rọ ni ó ṣíwájú rẹ̀.