Ta Ni Yóò Bọ́ Àgbẹ̀ Fún Ọdún Méjì?

Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ tó ń gbin òwú ní àríwá orílẹ̀-èdè Benin kì í fowó ọwọ́ ra ajílẹ̀ àti oògùn apakòkòrò. Àwìn ni wọ́n ń gbà á nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀. Bí òwú bá dé orí òṣùwọ̀n, wọ́n á kọ́kọ́ yọ gbèsè kúrò kí àgbẹ̀ tó fojú kan owó. Bí ọ̀dá bá sì dá, gbèsè kò mọ ọ̀dá.

Oògùn apakòkòrò yìí tún ń gbẹ̀mí èèyàn. Lásìkò òwú ọdún 1999, ó lé ní 30 èèyàn tí endosulfan, ọ̀kan nínú àwọn oògùn náà, pa ní agbègbè Borgou.

Láti 1996 ni ẹgbẹ́ OBEPAB ti ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ níbẹ̀ láti gbin òwú láìlo kẹ́míkà. Wọ́n á gún kóró èso dóńgóyárò, wọ́n á rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á bu ọṣẹ díẹ̀ sí i kó lè lẹ̀ mọ́ ewé. Wọ́n tún ń fín omi àgbàdo lílọ̀ sára òwú, kí àwọn kòkòrò tó ń jẹ kòkòrò ẹlẹgbẹ́ wọn lè ya wá. Ìgbẹ́ màlúù ni ajílẹ̀ wọn, kíkó rẹ̀ dóko kì í sì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Àmọ́ kò sí àwìn nínú irú oko òwú bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn obìnrin fi wọ̀ ọ́ wìtìwìtì. Tẹ́lẹ̀, lórúkọ baálé ni àwìn máa ń wà, òun náà ló ń gbowó. Ní báyìí, ìyàwó ilé lè ní oko òwú tirẹ̀, kó sì fọwọ́ ara rẹ̀ gbowó ẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí rèé. Òfin ilẹ̀ Yúróòpù ní ilẹ̀ gbọ́dọ̀ bọ́ lọ́wọ́ kẹ́míkà fún ọdún 2 kí wọ́n tó gbin òwú tí wọ́n lè tà gẹ́gẹ́ bí aláìníkẹ́míkà. Láàárín àkókò yẹn, iṣẹ́ pọ̀ sí i, ìkórè dín kù, owó tí wọ́n sì ń san fún òwú oníkẹ́míkà náà ni wọ́n sábà máa ń san fún òwú ilẹ̀ yẹn. Àgbẹ̀ nìkan ló ń ru àdánù yìí. Ọdún 2021 ni ìjọba Sri Lanka fòfin de kẹ́míkà oko, tó sì gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ karí gbogbo àgbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìrẹsì wọn já wálẹ̀, ọdún kò sì parí tí wọ́n fi yí ohùn padà.

Ẹ̀yin oníṣòwò tẹ́ ẹ ń fi òwú aláìníkẹ́míkà polówó aṣọ, ẹ ra òwú ọdún méjì yẹn ní iye tó lè gbé àgbẹ̀ ró. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń fún un ní oògùn láwìn, ẹ fún un ní màlúù àti kẹ̀kẹ́ ẹrù láwìn bákan náà.